Ẹni Tí Ń Sọ Orúkọ sí Merrill Létí

17, Maple Street,
Amity Grove,
Iowa.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, 1958.

Lowell, ẹlẹgbẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí Bernice. Ṣé oòrùn California ti wo orúnkún rẹ sàn? Ọmọ tuntun tí ọmọbìnrin yín bí ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ní tèmi, ara le. Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Láti ìgbà tí Alma aya mi ti kú, n kì í tẹ́ tábìlì mọ́. Ìdúró ni mo máa ń mu ọbẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní, “Elmo, o tún ṣe é! Merrill tún wọlé!” Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń wò ó tí mi ò mọ èsì tí màá fọ̀. Òótọ́ ni, Merrill Oakes ń padà sílé aṣòfin, ìbò rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.

O mọ bí a ti ń ṣe é kí o tó kó lọ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì Merrill. Bí ẹnì kan bá ti ń bọ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, màá ti sọ sí i létí pé, “Okke Meester nìyẹn, ẹṣin rẹ̀ ta á nípàá, bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀.” Gbogbo ìlú ló ń sọ pé Merrill kì í gbàgbé èèyàn. Èmi onígbàjámọ̀ ni kì í gbàgbé.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú wa gba ọ̀dọ́kùnrin kan láti Chicago, Prentiss lorúkọ rẹ̀. Ọṣẹ ló ń polówó lórí tẹlifíṣàn tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ò wá sí gbọ̀ngàn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo ṣètò oúnjẹ alẹ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì bí a ti máa ń ṣe. Ọgọ́ta àga ni mo tò. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. A ń retí Merrill lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún: kò ní lè wá, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ní Waterloo. Bí mo ti kéde rẹ̀ báyìí, wọ́n ti ń wọ kóòtù wọn.

Okke ní, “Ẹ jẹ́ á sáré, a ṣì lè bá a lórí tẹlifíṣàn nílé Frerichs!”

Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Mísísì Frerichs fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àpótí tẹlifíṣàn náà. “Ẹ wò ó, ojú mi gan-an ló ń wò! Mi ò sún mọ́ ọn tó báyìí rí láyé mi!”

Lowell, nínú ilé ìdáná obìnrin yìí ni Merrill ti jókòó jẹun lọ́dún 1950. Mi ò sì ní parọ́ fún ọ, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò pariwo, àfi bí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. Ìyá ọkọ Mísísì Frerichs, tí kò lè rìn mọ́ láti ọdún mẹ́rin, jókòó tì í, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò gbé Merrill dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn láti ìgbà tó ti ṣubú. Àpótí yẹn gbé e dé ibẹ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Merrill ní kí n wá sí Waterloo, kí èmi náà hàn lórí tẹlifíṣàn. Mo lọ kóòtù mi, mo fá irùngbọ̀n. Prentiss wò mí tẹsẹ̀ torí.

Ó ní, “Bàbá, ta ló máa gbà pé àgbẹ̀ ni yín nínú aṣọ yìí?”

“Onígbàjámọ̀ ni mí, ọmọ mi.”

“Lónìí, àgbẹ̀ ni yín.”

Ó fún mi ní ṣòkòtò àgbẹ̀ tó gùn dé àyà àti ìbéèrè kan nípa iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Wọ́n ti fi àtíkè kun Merrill lójú, wọ́n sì ti fi nǹkan dúdú kun irun rẹ̀. Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì rẹ̀ bí ìṣe mi. Ẹni tó di kámẹ́rà mú pariwo mọ́ mi pé mo dí òun lójú. Wọ́n fi mí síbi tí mo máa dúró sí. Mo béèrè ìbéèrè mi. Merrill kò wò mí. Inú kámẹ́rà ló ń wò, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó, ó ní, “Ẹ ṣé, Elmer, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́.”

Elmer!

Nígbà tó jáde, ó gbá mi mọ́ra. “Elmo! Ṣé mo ṣe é dáadáa?” Mo ní ó ṣe é dáadáa. Mọ́tò ti ń dúró dè é. Aṣọ oko yẹn ni mo wọ̀ nínú bọ́ọ̀sì délé. Mo gbàgbé kóòtù mi síbẹ̀. Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ tí wọ́n ka ìbò, wọ́n ṣe àríyá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé ni mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Merrill wá gẹ irun kó tó lọ sí Washington. Àwa méjì péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, “O pè mí ní Elmer.”

Ó ní, “Mo rí i pé wọ́n ṣì í kọ. Iná kámẹ́rà ti tàn, Elmo. Ẹ̀rù bà mí láti dúró tún un sọ.”

Èmi tí mo rò pé kò mọ̀! Ì bá sàn fún mi bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ lóòótọ́. Mo gẹ irun rẹ̀ tán, mo gbọn aṣọ, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó sì lọ. Ìgbà tí mo ń gbálẹ̀ ni mo rí i pé gbogbo irun tó wà nílẹ̀ ló ti funfun. Lórí tẹlifíṣàn, dúdú ni.

Bá mi kí Bernice, kí o bá mi gbé ọmọ náà jó. Bẹ́ẹ̀dì wà ní yàrá òkè o, bí ẹ bá ronú àtiwá nígbà Kérésì. Bí ẹ ò bá lè wá, ṣáà kọ̀wé, kódà kó jẹ́ ìlà méjì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Elmo Tjaden