Sí Monílọ́lá, Tí Wọ́n Fi Jẹ Ọ̀gá Sójà Òfuurufú

Ìsìkàn, Àkúrẹ́.

Monílọ́lá ọmọ mi,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Òkè lọ́hùn-ún ńkọ́? Àwa wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún ìyá rẹ àti gààrí tó ti wọ́n bí ẹran. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí Ọláwuyì, ará ilé kejì, sọ pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì lẹ ti ń bá ọ̀tá jà. Mi ò fẹ́ kí ohùn mi dí yín lọ́wọ́.

Òun náà ló mú ìwé ìròyìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pé ìwọ ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí gbogbo sójà òfuurufú ilẹ̀ yìí. Nígbà tó o fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Oǹdó tó o lọ gba iṣẹ́ yẹn, odindi ọdún kan ni mi ò fi bá ọ sọ̀rọ̀, mo ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀run. Mo jẹ̀bi, ọmọ mi, má bínú. Mo dìde sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, títí àlùfáà fi ní kí n jókòó, ó ní wọ́n ti gbọ́.

Ṣé ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ náà wà? Má fún ẹnikẹ́ni tí o kò bá mọ ilé bàbá rẹ̀ o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sójà méjì mú fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò wá bá tí nǹkan bá ṣe ọ́. Mo ní kí lẹ fẹ́ kó ṣe é? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo sójà. Mo gba bírò, mo kọ ọ́ pé, "Kò sí nǹkan tí yóò ṣe é." Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ni ìyá rẹ bá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, Yéwándé, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má wá o." Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Èkejì ṣí fìlà, ó ní bí ìyá tòun náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ṣe ìdúpẹ́. Má jù ú sílẹ̀ látòkè o, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sí Oda, mi ò sì ní owó ọkọ̀ tí màá fi lé e.

Iye ìgbà tó o bá gbéra sókè, iye ìgbà náà ni wàá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń wòkè ṣáá,
Oríọlá.