Màmá Morónikẹ́ Ògúnbọ̀dé, Tí Wọn Kò Gbà Rárá Pé Ọmọdé Ò Ní Ẹ̀yìn

Ọdún 1936 ni wọ́n bí Màmá Morónikẹ́ Ògúnbọ̀dé sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Adégbayì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wọn, Pa Adéyẹmí, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń ka Bíbélì nínú ìjọ Áńgílíkà abúlé náà. Ìyá wọn, Ọmọ́ṣọlá, ní ohùn tó máa ń ṣáájú wọn dé oko. Ohùn yẹn ni Màmá jogún. Ẹni tí wọ́n bá ti gún lábẹ́rẹ́ rí kò ní bá wa jiyàn.

Ọ̀dọ̀ àbúrò kan ṣoṣo tí Màmá ní, Àǹtí Títíladé, ni ọ̀rọ̀ ayé wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Àǹtí nígbà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ fún ọmọdé tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí: ẹ̀yìn wo? Ṣé ìwọ náà ti ní ẹ̀yìn ni? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n ní kó lọ pọnmi. Kí ọdún méjì tó pé, iké ti yọ. Àǹtí jókòó láàárín wa lónìí pẹ̀lú iké wọn, àwọn gan-an ló sì ní a ò gbọdọ̀ fo ibí yìí.

Màmá ka ìwé mẹ́fà nílé ìwé ìjọ, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, wọ́n jáde ní 1959. Ọdún 1961 ni wọ́n fẹ́ Bàbá Wándé Ògúnbọ̀dé, akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn. Bàbá máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, Màmá ò béèrè orúkọ àwọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni ìdí tí àwọn fi ń rìn tẹ̀ sápá kan.

Ní 1984, ìjọba gbé Màmá lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nílé ìwòsàn kan ní agbègbè Ẹgbẹ́dá. Ibẹ̀ ni sùúrù wọn ti tán pátápátá. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ẹ̀yìn ń dùn wá, ìyá rẹ̀ á ti fi ìpara pa á títí awọ fi bó. Dókítà á kọ oògùn ara ríro láìjẹ́ kí ọmọ bọ́ ẹ̀wù. Màmá á ní kó bọ́ ọ, ìbéèrè á sì tẹ̀lé e: ṣé ó ń jí i lójú oorun? Ṣé ara ń gbóná? Ṣé ó ń rù? Ṣé ẹsẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀? Ṣé ó ti ń tọ̀ sára, tí kì í tọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan péré, ọmọ yẹn ò ní lọlé.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1988 ni ìyá àgbà kan mú Tìmílẹ́hìn wá, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń sunkún ẹ̀yìn. Ìyá àgbà gan-an ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn tí àwọn ń roko ò tíì sunkún. Dókítà Gbọ́njúbọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, ti ń kọ oògùn. Ó ní ibi eré ni ọmọ náà ti ṣubú, kí wọ́n máa mú un lọ.

Màmá ò bá a jà. Wọ́n yọ bisikíìtì kan nínú àpò, wọ́n jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ náà mú un. Ọmọ wo bisikíìtì títí. Ó wá ká orúnkún, ó lóṣòó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó dúró gbọnrangandan, ó mú un, ó sì ń fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ dìde bí arúgbó. Màmá tún ju òmíràn sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ bá mi mú ìyẹn náà."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un.

"Ṣé ẹ rí bí ẹ ṣe mú tiyín? Ẹni tí ò ní ẹ̀yìn kì í ṣọ́ ọ báyìí."

Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kókó kékeré kan ti yọ láàárín ẹ̀yìn, níbi tí ti Àǹtí Títíladé ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n yà á ní ẹ́síréè n'Ìbàdàn: ikọ́ ife ti wọ egungun ẹ̀yìn, ó ti jẹ méjì. Wọ́n ní bí ó bá pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ọmọ náà ni ì bá bá a lọ.

Ọdún kan gbáko ni oògùn. Ní oṣù kẹta, ìyá àgbà dá a dúró, wọ́n ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ló tún ń fi oògùn ṣe? Màmá wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn lábúlé, àwọn ará ilé kẹta sì jáde wá wo ẹni tó ń pariwo. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń lọ wo ọmọ náà níbi tó ti ń gbé oògùn mì.

Bisikíìtì wá di wàhálà wa. Wọ́n ń jù ú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jù ú níbi ìsọmọlórúkọ. Rilwan, ọmọ aládùúgbò wa, ní ẹ̀yìn ń dun òun láàárọ̀ tó yẹ kó lọ sílé kéwú. Bisikíìtì ò tíì kanlẹ̀ tó fi hán an. Màmá ní, "Wọ bàtà ẹ."

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1994. Ohun tó dùn wá jù ni pé nígbà tí ẹ̀yìn tiwọn ń dùn wọ́n ní ọdún tó kọjá, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí a mọ̀, a bínú títí. Wọ́n ní ti àgbà yàtọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999 ni wọ́n sùn, tí wọn ò jí.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Bàbá, Àǹtí Títíladé, àwa ọmọ wọn, Mojísọ́lá, Tolúlọpẹ́ àti Motúnráyọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí kò sí èyí tí wọn ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò nínú wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Màmá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Tìmílẹ́hìn, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ni kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí àwọn. Bí a bá dé ibojì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ún fún un o. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bù ú fúnra rẹ̀, kí Màmá rí i.

Màmá wa, iṣẹ́ ti parí. Ẹ na ẹ̀yìn yín, kí ẹ sùn dáadáa.