Bùkọ́lá Ló Mú Alájà Ti Kànga Wọn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mò ń jowú Bùkọ́lá. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Igbẹsà, tí mò ń bu omi kànga wá fún àyẹ̀wò. Èmi ni mo rí i pé ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ti wọnú kànga Alájà, ìyá àgbà kan níbẹ̀. Ìgbà mélòó ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má mu omi rẹ̀ mọ́? "Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ," ni wọ́n máa ń sọ.

Lónìí, Bùkọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì wa bá mi lọ. Ó jókòó ti Alájà lórí ẹní, ó ń béèrè orúkọ àwọn ọmọọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àti èwo ni inú ń run. Kò pẹ́, Alájà fúnra wọn dìde, wọ́n fi àgádágodo ti kànga.

"Ọmọ mi, Ọlọ́hun á kẹ́ ẹ," wọ́n ń sọ fún un.

Bùkọ́lá ní, "Alájà, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ṣe gbogbo iṣẹ́ o."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó gba gbogbo ìyìn náà ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí.

Odidi ọdún kan, mi ò béèrè orúkọ ọmọ kankan nílé yẹn rí.