Ẹ Ní Kí N Bá Yín Kí Ológòólù

                                        Yàrá Àwo Orin,
                                        Àjà Kejì, Ilé-Iṣẹ́ Rédíò.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwọn oníbàárà tó ń fẹ́ aṣọ ọ̀la lónìí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti gbọ́ ti oògùn tí dókítà fún yín, àbí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ṣì fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi yá. Inú mi ni kò yá láti bí oṣù méjì, òun ni mo sì jókòó láti ro fún yín.

Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ohùn mi lánàá, nítorí rédíò yín kì í sinmi. Ẹ ó ti máa bi ara yín pé kí ni èmi Elétí Ehoro ń wá nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú lẹ́tà yín tó kọjá gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé méjì lẹ kọ, ẹ fi ọ̀kan àbọ̀ yin Ológòólù, ẹ ní ètò orin rẹ̀ tuntun ti fẹ́ máa bá yín rán aṣọ, ẹ wá ní kí n bá yín kí i. Ìlà mẹ́ta péré lẹ fi béèrè àlàáfíà èmi àbúrò yín. Mi ò bá yín kí i. Mo ká lẹ́tà náà, mo tì í sábẹ́ àwo, mo sì ń bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìlara ni. Mi ò ní fi bò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tọ́jú àwo orin níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní ètò orin, kódà kó jẹ́ ìdajì wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá àgbà ní ohùn mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ológòólù wá ti pápá bọ́ọ̀lù dé, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pariwo gòólù títí ọ̀fun á fi gbẹ, ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ètò fún un bí ẹni gbé omi fún àlejò. Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi, òun ló ń tẹ̀ ẹ́.

Tó bá ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ara ì bá tù mí. Ó ń ròyìn orin bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù, ó ní jìtá ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọlé, ó ní àwọn elégbè ń ṣọ́ ẹ̀yìn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pè é ṣáá. Èyí tó dùn mí jù ni ti káàdì. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń fi káàdì kékeré sínú àpò àwo kọ̀ọ̀kan, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ: ẹni tó ta jìtá, ẹni tó lu dùùrù, ẹni tó gbàgbé ègbè tí wọ́n fi tún orin bẹ̀rẹ̀. Káàdì wọ̀nyẹn ló ń kà sétí gbogbo ayé. Lóòótọ́, ó máa ń ní ẹ̀gbọ́n kan ní yàrá àwo ló kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan. Àfi bíi pé ṣe ni mo ń kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́yìn, ó wá mú àwo tó fẹ́ lò. Ọ̀kan nínú wọn ni àwo àtijọ́ kan tí jìtá inú rẹ̀ máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Òsì ló ta á. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo náà rárá. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wá bá mi kó tó kú, tó sọ ọ́ fún mi, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí ju káàdì mi lọ. Mo yọ káàdì yẹn. Mo kọ òmíràn, mo ní olórí ẹgbẹ́ orin náà ló ta jìtá. Èrò mi ni pé àwọn tó mọ orin á pè, wọ́n á fi Ológòólù ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá àgbà á sì gbọ́.

Ó kà á bẹ́ẹ̀ sétí aráyé lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan ṣoṣo ló sì pè. Ọmọ Ọlọ́wọ́-Òsì ni, obìnrin. Ó ní bàbá òun ló ta jìtá yẹn. Ó ní láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ lòun ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tóun sì ń retí ọjọ́ tó máa kan bàbá òun. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ kàn ń lọ sílẹ̀ ni. Mo jókòó síbí, mo ń gbọ́. Ológòólù mọ̀ pé káàdì mi lòun kà, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan káàdì. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Àwọ̀n ara mi ni mo gbá bọ́ọ̀lù sí lónìí. Ẹ̀bi mi ni."

Lọ́jọ́ kejì ó gòkè wá, ó gbé káàdì náà sórí tábìlì mi, ó gbé ìwé kan tì í. Mo ṣí ìwé náà. Káàdì mi ló dà kọ síbẹ̀, ti ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ti àwọn àwo tí kò tíì lò rí. Ó ní nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù òun bá ti fìdí rẹmi, yàrá mi lòun máa ń wá jókòó sí, kóun máa kà wọ́n. Èmi ti rò pé fáànù ló ń bá wá. Ó ní àwọn káàdì yẹn ló jẹ́ kóun béèrè fún ètò orin. Ó wá fi ìka tẹ èyí tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í ṣàṣìṣe," ló wí. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Mo ní kò ṣẹ̀ mí, mo ní ìlara rẹ̀ ló ń pa mí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá jókòó ti òun lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí n fi ẹnu ara mi dárúkọ bàbá obìnrin yẹn. Mo ní ohùn mi wá ńkọ́. Ó ní orúkọ ni obìnrin náà ń retí, kì í ṣe ohùn.

Ìyẹn lẹ gbọ́ lánàá, tí mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ ni, tí mo sì sọ orúkọ Ọlọ́wọ́-Òsì lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá wọn lójú. Ọ̀gá àgbà náà gbọ́. Ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi ti wà níwájú mi láti àárọ̀, mi ò sì mọ ibi tó máa já sí. Ohun tí ẹ ò gbọ́ ni pé, bí àwo ṣe ń yí lọ́wọ́, obìnrin náà pè, ó ní èmi lòun ń wá. Ó sunkún díẹ̀. Ó dúpẹ́ pé mo tọ́jú orúkọ bàbá òun láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gbé e pamọ́. Nígbà tó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí Ológòólù."

Ó tún ta mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo wo ọkùnrin náà, ó dijú, ó ń gbọ́ jìtá, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń dárúkọ òun. Mo rí i pé ohùn rẹ̀ kọ́ ni mò ń jowú mọ́. Inú rẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ ní kó má gbàgbé bẹ́líìtì mi tó yá lọ. Ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fi orúnkún yẹn ṣiṣẹ́.

Mo ti bá yín kí Ológòólù. Mo ní ẹni méjì ló ní kí n kí i. Ó bi mí bóyá ẹni méjì náà péré ni. Mo ní ó di mẹ́ta.

Èmi ni àbúrò yín tí inú rẹ̀ ti ń yá bọ̀,
Elétí Ehoro.