Ekòló Ni Mo Ń Sìn, N Kò Gba Àlejò Sílé

Ojúlé Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Ẹ̀bá Odò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ilé Ìjọba,
Òpópónà Ọgbà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN PÉ MO FI ÈNÌYÀN PAMỌ́ SÍ YÀRÁ MI KEJÌ

1. Mo bá ìwé yín lábẹ́ ilẹ̀kùn mi ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ní mo ń gba àwọn ènìyàn sílé láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, àti pé bí n kò bá ní àwíjàre, ẹ ó gba ilé yín.

2. Ẹ jọ̀wọ́, kò sí ènìyàn kankan nínú yàrá náà. Ekòló tí àwọn apẹja oníwọ̀ fi ń ṣe ìjẹ ni mo ń sìn níbẹ̀, nínú àwọn báfù tí mo dá ihò sí nídìí. Ilẹ̀ dúdú àti ìwé ìròyìn tí mo ya wẹ́wẹ́ tí mo sì fi omi rin ni ibùsùn wọn. Èèpo ẹ̀fọ́ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ohun tó bá níyọ̀ ń pa wọ́n. Wọn kò rùn. Àpọ̀jù oúnjẹ ló ń mú kí ibùsùn ekòló rùn, èmi kì í sì í fún wọn ní àpọ̀jù.

3. Ìyá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi, tó fi ẹjọ́ mi sùn yín, kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Bí òjò bá ṣú, ekòló a máa gun etí báfù láti sá lọ. Bí mo ti ń dá wọn padà ni mo ń bi wọ́n pé ta ló lé wọn, ṣé wọn kò yó ni. Nígbà tí ó kí mi kú àlejò lórí àtẹ̀gùn, mo rò pé ó ń fi ekòló mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dá a lóhùn pé wọ́n tilẹ̀ ti ń bímọ.

4. Ìyàwó mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló ni yàrá náà kí ó tó kú. Ọmọ wa jìnnà. Ó ń pè bí àyè bá gbà á. Ní àárọ̀ Sátidé nìkan ni àwọn apẹja máa ń kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n á gba ìjẹ, wọ́n á sì purọ́ fún mi nípa ẹja ńlá tó já mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí ekòló, n kò mọ ẹni tí yóò tún kàn án.

5. Ohun tó ń já mi láyà nìyí. Bí ènìyàn bá wà níbẹ̀, mo ti rú òfin. Bí mo bá sì fi hàn pé kò sí ẹnìkankan, ẹ lè sọ pé yàrá méjì pọ̀ jù fún arúgbó kan ṣoṣo. Bóyá ẹnu ara mi ni mo fi ń pa ara mi, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo kọ.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi yàrá náà sílẹ̀ fún mi. Ẹ rán ẹnìkan wá wò ó. Afìwéránṣẹ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì. A máa ń kan ilẹ̀kùn kí a tó ti lẹ́tà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mú ìwé yín wá kò kàn án. Mo wà nílé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni mo wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín,
Bàbá Ekòló,
Afìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì.