Ayálégbé Ẹ̀yìn Agathe

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Keje 2024
Kútọnu. Àwòrán ẹ̀yìn Agathe ìyàwó mi ti jáde. Ìṣùjọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló hù sínú ọ̀kan nínú egungun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà Huguette ní wọn ò ní la ẹ̀yìn rárá: abẹ́rẹ́ gígùn ni wọn yóò gún wọ egungun náà, wọn yóò fi simẹ́ńtì dí i. Ó ní kí Agathe má ṣáà pẹ́ — kó má sì ru ẹrù.
Agathe bi í bóyá ìṣùjọ náà lè pa òun. Ó ní rárá.
Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Kétu, ó ti sọ ọ́ lórúkọ: Ayálégbé. "Bàbá Landry, ayálégbé tí kò lè pa onílé, ta ló ń kánjú lé e jáde? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ká àgbàdo mi ná."

Ọjọ́ Àìkú, 14
Ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Agathe ló ṣáájú ijó. Mo rán an létí abẹ́rẹ́. Ó ní ṣé a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán, ká tún máa sáré bí ẹni tí kò gbà á gbọ́?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23
Oko wa l'Ódomẹ̀ta. Ó ru agbọ̀n àgbàdo. Mo bínú. Ó ní orí lòun fi rù ú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin oko fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Landry, ó yá, ẹ wá bá a rù ú!" Mo ru ọ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Kẹjọ
Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀.

Ọjọ́rú, 7
Kò lè dìde. Kútọnu. Egungun ti rún, Ayálégbé ti wú jáde, ó ń tẹ okùn iṣan tó ń mú ẹsẹ̀ rìn. Dókítà kò bá wa wí. Ó kàn rọra ní: "Màmá, mo ní kò lè pa yín. N kò ní kò lè ṣe yín ní nǹkan."

Ọjọ́bọ̀, 8
Wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan itan lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ Ayálégbé. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ àti simẹ́ńtì. Ojú ibẹ̀ kò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ. Ìrora lọ. Ẹsẹ̀ — wọ́n ní ká mú sùúrù. Ó lè padà. Ó lè má padà.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Ilé. Mò ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bí mo bá bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lónìí, ó dáhùn kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹsàn-án
Òjò kejì ti dé. Moutiatou, ìyàwó àbúrò mi, wá kí wa. Agathe ní kó jókòó, ó ń júwe oko fún un: ibi tí omi ń dúró sí, ibi tí ẹ̀pà ti ń ṣe dáadáa, igi tí kò gbọdọ̀ gé.
"Ìyáálé mi, títí ẹ ó fi dìde ni, àbí?"
"Ìwọ ṣáà gbìn ín."
Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi. N kò dá ọwọ́ dúró.