Àwọn Ìwé Abẹ́ Kàlẹ́ńdà

Bàbá mi, ẹni tí kì í jáde nílé láìsí ìwé lábíyá,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí n tó dé ibi tó dùn. Ìjókòó ìwé tí ẹ máa ń ṣe ní pálọ̀ iwájú ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé yín wọ sàréè. Màámi mọ̀. Àwọn tó máa ń wá yá ìwé kò yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Àlàájà Ràfátù, ìyá ẹlẹ́ja yìnyín òdìkejì títì, mọ ìdí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń kí mi láràárọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá Délé ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ pé kó mọ ògiri sáàárín pálọ̀ náà, kó di yàrá méjì tí a ó máa fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Gbogbo ẹbí ló gbọ́ kí n tó gbọ́. Ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé kò sì ní ìparí, àwọn ojú ewé tó gbẹ̀yìn ti ya lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìyẹn, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. A ti borí, Bàbá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kí ènìyàn? Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, láti Mayfair títí dé Ẹnuwá, tí ẹ ń wo mítà iná, ẹ kì í béèrè pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Ẹ̀yin á kọ nọ́ńbà mítà tán, ẹ á gbójú sókè, ẹ á ní, "Kí lẹ ń kà lọ́wọ́?" Àwọn ẹlòmíì rò pé ọgbọ́n láti gba ẹ̀bùn ni. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹ ń yọ ìwé nínú báàgì iṣẹ́ fún wọn ni wọ́n tó gbà. Ibẹ̀ ni ìjókòó ọjọ́ Àìkú ti bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn tí ẹ yá níwèé ń fẹ́ rí ẹni bá sọ ọ́. Mo ṣì ń rí yín lórí àga onírọ́bà yẹn, gíláàsì tí ẹ fi òwú dè lẹ́tìí, ẹ ń fi itọ́ rin àtàǹpàkò kí ẹ tó ṣí ewé, lẹ́yìn náà ẹ á máa bá ẹni tó ká etí ìwé jà. Ta ló ń ká etí ìwé ju ẹ̀yin lọ?

Ẹ ti fi òfin méjì lélẹ̀. Kí oníkálukú sọ ibi tó kà dé, kó sì dúró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ìparí. Èkejì, ẹnikẹ́ni kì í ṣí aṣọ lára ìwé ẹnìkejì. Aṣọ yẹn ni kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ẹ fi ń bo gbogbo ìwé, bí a ṣe ń bo ìwé ọmọ ilé-ìwé. Mo rò pé torí eruku ni.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé láti Èkó tí mo rí i pé pálọ̀ ń kú lọ, mo wò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ìdókòwò láti máa wo iṣẹ́ tó ń ṣàìsàn. Kí ni a ní nílẹ̀? Ta ni oníbàárà? Kí ló ń dí ọjà lọ́wọ́? Mo rí àwọn ìwé tí ojú olóṣèlú àti ojú bíṣọ́ọ̀bù bò mọ́lẹ̀, èèyàn ò lè mọ èwo ni èwo. Mo ní ẹ̀hẹn, ìṣòro rèé. Mo ya gbogbo kàlẹ́ńdà náà dànù. Mo ra pákó, mo to ìwé sórí ẹ̀: ìwé ìfẹ́ lápá kan, ìwé ọ̀daràn lápá kan, mo sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ṣí gúrúpù sórí WhatsApp. Mo yan ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ kà, ìwé lórí bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, mo ní màá béèrè ìbéèrè níparí.

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, wọ́n ń wò mí. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ó mọ́ tónítóní."

Ẹ bá mi wo nǹkan. Tónítóní.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n ní ìbéèrè yín gan-an. Pásítọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ní Bíbélì lòun ń kà. Àlàájà ní Kùránì lòun ń kà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, apá kan Bíbélì, apá kan Kùránì. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé irọ́ ni? Ìjókòó náà parí kí omi tó hó fún tíì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn, èmi àti àga ló kù.

Bọ̀ọ̀dá Délé ẹ̀gbọ́n mi ya wọlé láti Ìpetumodù lọ́jọ́ yẹn. Ó wo àga, ó wò mí. "Ọ̀gá oníwèé-ẹ̀rí," ó ní, "àṣé àga náà ti ń kàwé." Inú bí mi, ṣùgbọ́n n ò lè dá a lẹ́bi. Òrùlé ń jò, ilé ò sì lè fi orúkọ yín tún ara ẹ̀ ṣe. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Ó ní bí ó bá di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí pálọ̀ ṣì ṣófo báyìí, bíríkìlà ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Mo ní ó dára. Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tó máa parí.

Ohun tó gbà mí kò sí nínú ẹ̀kọ́ kankan tí mo kọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mo bá Màámi lórí fàráńdà pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì àti sẹ́lótéèpù, kàlẹ́ńdà ìrántí yín wà lórí itan wọn, èyí tí a tẹ̀ fún ìsìnkú. Wọ́n ti gé e. Wọ́n ń fi ojú yín bo ìwé tí ẹ kà kù. N ò mọ̀ pé wọ́n ti ń bá yín kà á lọ. Ṣé ẹ̀yin mọ̀?

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bò ó fún, ṣebí èmi ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

"Ìwé tó wà níhòòhò ò ṣe é gbé jókòó síta," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè.

Kí n tó dáhùn, Àlàájà Ràfátù ti kọjá títì, òórùn ẹja titus ló kọ́kọ́ dé. "Ìyá, ẹ tún ti gbé Bàbá lé itan lónìí," ó ní. "Kí lẹ ń kà lọ́wọ́?"

Màámi bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan ni, ó ń tu ọkọ̀ ojú omi, ó ń gbé èèyàn kọjá odò. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ borí wọ ọkọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sọ̀rọ̀, ó kàn na ìka sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n pa ìwé dé. Àlàájà ti jókòó kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹja àti gbogbo ẹ̀. "Ta ni ọkùnrin náà?" "N ò tíì débẹ̀."

Mo ní, "Àlàájà, ṣebí Kùránì nìkan lẹ ń kà?"

Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo ti dé Mẹ́kà, o fẹ́ kí n gbé ìwé tí ọkùnrin ti ń fẹnu ko obìnrin lẹ́nu kọjá níwájú mọ́sáláásí, kí gbogbo jàmáà rí i? Bàbá ẹ ló ń bò mí láṣìírí láti ọjọ́ yìí. Ìwọ dé, o tú mi síhòòhò, o tún kọ 'ÌFẸ́' gàdàgbà sórí pákó."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O bi mí?"

Màámi ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí ẹ ti lọ nìyẹn, Bàbá. Mo fi ìyẹn dárí jì wọ́n.

N ò fi àkókò ṣòfò. Ojúlé dé ojúlé ni mo gbà, bíi tiyín, mo ń tọrọ kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sáláásí, ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ti òkú tí a ò tiẹ̀ mọ̀ rí, ti olóṣèlú tó fìdí rẹmi. Màámi ń gé, mò ń lẹ̀. Mo pa gúrúpù náà rẹ́. Mo tú pákó palẹ̀, mo da ìwé pọ̀ padà sínú àpótí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bi ẹni tó bá ń kọjá ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń bi wọ́n.

Wọ́n padà wá. Wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ ìwé, ojú tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. "Ẹ bá mi fi Olóṣèlú pamọ́ o, mò ń bọ̀." Ìwé ìfẹ́ Àlàájà bọ́ sábẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé adigunjalè Pásítọ̀ sì bọ́ sábẹ́ ti mọ́sáláásí. "Àlàájà, bíṣọ́ọ̀bù ń wò yín o," ni Pásítọ̀ wí. Àlàájà ní, "Kó máa wò. Ohun tó ń lọ nínú ibẹ̀, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dá pé. Nígbà tí wọ́n fi kí aláásàrì tán, bàtà ti kún fàráńdà. A yá bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ Pásítọ̀, kò tó. Àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Bọ̀ọ̀dá Délé wọlé pẹ̀lú Múfú bíríkìlà, téèpù ìwọnlẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àlàájà ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbé ọmọbìnrin inú ìwé ẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àfẹ́sọ́nà, ìyá ọkùnrin náà sì ti kanlẹ̀kùn.

"Ibẹ̀ ni mo dé," ó ní, ó pa ìwé dé.

Gbogbo pálọ̀ kígbe mọ́ ọn. Ohùn Múfú ló ga jù. "Àlàájà, ẹ má ṣe wá bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n rí i àbí wọn ò rí i?"

"Múfú, wọn pálọ̀," ni Bọ̀ọ̀dá Délé wí.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo ni kí n fẹsẹ̀ sí? Ẹ ní kí wọ́n dìde ná." Ó ti ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Màámi bá gbé ojú sókè. Wọn ò pariwo. "Délé, jókòó. Kí lò ń kà lọ́wọ́?"

Ì bá ṣojú yín! Ọkùnrin gbọ̀gbọ̀nrọ̀ yẹn dúró bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó ní kò sí, ó ní bóyá ìwé ọ̀sìn ẹja kan tó wà nínú mọ́tò. Màámi ní kó lọ mú un wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ẹja àrọ̀ ṣe ń gbé ara wọn mì bí a kò bá tètè ya ńlá kúrò lára kékeré, bí ọ̀kan á ṣe sanra lójijì tí o ò ní mọ ìdí ẹ̀ àfi tó o bá ka àwọn tó kù. Àlàájà ní ìyá ọkọ òun àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ, ó ní yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí la ó tún ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní kí n bá òun wá kàlẹ́ńdà tí òun máa fi bo ìwé ẹja. Mo fún un ní ti olóṣèlú. Múfú ti gbé adigunjalè Pásítọ̀ lọ.

Pálọ̀ dúró, Bàbá. Ògiri kankan ò kọjá láàárín ẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo wa? Níbi tí ẹ wà, ta ló ń bi yín pé kí lẹ ń kà lọ́wọ́?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé yín. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Màámi ló kàn, wọ́n sì ti kà á dé ibi tó já. Ní àárín odò, ọkùnrin yẹn ká aṣọ kúrò lójú. Ọkọ obìnrin náà ni, èyí tí wọ́n ti sin. Àjẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà sínú omi, ọkọ̀ ń yí. Ibẹ̀ ló parí. Mo ti wá òmíràn kiri, mo dé ẹnu géètì yunifásítì, mo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kò sí. Màámi kò sọ pé ó dun àwọn. Wọ́n kàn ń ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn yẹn lákàtúnkà, ojú yín ló sì ń wo ẹni tó bá wọlé láti ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ máa ń sọ pé ẹ ti ka ìwé náà tán nígbà kan rí, nínú èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ń fura sí yín. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ bá ni, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Mo mọ̀ pé òfin yín ni pé a kì í sọ ìparí. Ẹ yọ̀ọ̀da ẹyọ kan yìí. Ẹ lọ bá Màámi lójú àlá, kì í ṣe èmi, kí ẹ sọ fún wọn bóyá obìnrin náà bá a lọ sí òdìkejì tàbí ó padà sí èbúté. Kí ẹ ti ṣe é kí wọ́n tó kí aláásàrì lọ́jọ́ Àìkú. N ò ní sún un síwájú.

Bí ẹ ò bá wá, Màámi ni yóò jókòó sórí àga yín, wọ́n á sì sọ ibi tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n bá sọ, abẹ ti gé e. Bí ẹ̀yin tiẹ̀ mọ òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi àyè sílẹ̀ fún yín lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò ní gbèdéke.